Ìkọ́ṣẹ́ láìgbowó lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn: èwo ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Oríṣi iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn baba wa ń ṣe láìgba owó lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni àárò: ẹ bá mi ro tèmi lónìí, mo bá yín ro tiyín lọ́tùn-únla. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹnì kan bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá bá òun ro oko tàbí kọ́lé, ó sì di dandan kó bọ́ wọn yó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀fà: èèyàn ń fi agbára rẹ̀ dí èlé owó tí wọ́n yá, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà, gbèsè ọ̀hún kì í fi kọ́bọ̀ kan dín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ààyè ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní owó oṣù ṣe pín. Ibì kan wà tí ẹ ó ti fi iṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ ìmọ̀, tí ọ̀gá yóò jókòó tì yín, tí yóò ka ohun tí ẹ kọ, tí yóò sì tún un ṣe. Ibì kan wà tí kò sí ìmọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n sì ń bọ́ yín lọ́sàn-án. Ibì kan sì wà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó máa náwó, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣiṣẹ́, tí oṣù mẹ́ta yóò parí tí ẹ kò ní rí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ lè nawọ́ sí pé ọwọ́ mi ló kọ eléyìí. A kọ ìfiwéra yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ti Yunifásítì Iléṣà àti àwọn tó wà nítòsí, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ àárò yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìwọ̀fà kí wọ́n tó kó ẹrù.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín náà ń dá kún ìṣòro ọ̀hún. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ní SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, wà fún wọn, olùkọ́ ń tọ̀ wọ́n lọ síbi iṣẹ́, ọ̀gá sì mọ ibi tí òun yóò fọwọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ìmọ̀ òṣèlú tàbí International Relations kì í sábà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wá ààyè, ẹ̀yin náà lẹ ó sì kọ ìwé tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí.

Owó la ó kọ́kọ́ wò

Iṣẹ́ tí wọn kò sanwó rẹ̀ fún yín, ẹnì kan ló ń sanwó rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àjọ náà, a jẹ́ pé òbí yín ni. Ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 10. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn owó inú rẹ̀, kí ẹ lè rí bí a ṣe ń ṣe é. Iye tí wọ́n bá ń pè ní páàkì lọ́sẹ̀ tí ẹ ń kà á ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

| Ibi | Ọjọ́ lọ́sẹ̀ | Owó ọkọ̀ | Ìnáwó mìíràn | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Inú Ifẹ̀ | 3 | ₦600 × 30 = ₦18,000 | kò sí | ₦18,000 |
| Ifẹ̀ sí Òṣogbo | 3 | ₦5,000 × 30 = ₦150,000 | oúnjẹ ọ̀sán ₦1,500 × 30 = ₦45,000 | ₦195,000 |
| Abuja | 5 | àlọ àti àbọ̀ ₦80,000; ọkọ̀ ìgboro ₦2,000 × 50 = ₦100,000 | yàrá alájọgbé oṣù 2½ ₦100,000; oúnjẹ ọ̀sán ₦75,000 | ₦355,000 |
| Orí íntánẹ́ẹ̀tì | 3 | kò sí | dáta ₦25,000. Epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó ibi tí iná wà ₦30,000 | ₦55,000 |

Ẹ fi èyí wé owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, ₦70,000 láti ọdún 2024. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn yóò rí ₦175,000 ní oṣù méjì àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé nínú àpẹẹrẹ wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ń ná ju owó tí òṣìṣẹ́ yóò gbà lọ, kó tó ra bírò.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ronú bí wọ́n á ṣe rí ọkọ̀ tó dínwó. Ọjọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n dín. Bí ẹ bá sọ ọjọ́ mẹ́ta di méjì, ₦195,000 á di ₦130,000. Ẹ tọrọ rẹ̀ báyìí: ọjọ́ méjì ní ọ́fíìsì, ọjọ́ kan fún kíkà àti kíkọ ní Hezekiah Oluwasanmi Library, kí ẹ sì máa fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ẹ kọ nǹkan yóò gbà. Èyí tó bá ní dandan ni kí ẹ wá lójoojúmọ́, tí kò sì lè sọ iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe ní ọjọ́ karùn-ún, ẹni tí yóò máa jókòó ti fóònù àti ẹnu ọ̀nà ló ń wá.

Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè owó ọkọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ẹ ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ǹjẹ́ ètò wà fún owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ ọ̀sán? Àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Bó bá bínú, ẹ ti rí nǹkan pàtàkì kọ́ nípa rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Òṣogbo ní ọwọ́ kan, Abuja àti Èkó ní ọwọ́ kejì

Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó kan ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀ka ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọn kì í sì í sábà ní ju òṣìṣẹ́ díẹ̀ lọ níbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Legal Aid Council, tó ti wà láti 1976, ń gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Lábẹ́ òfin rẹ̀ ti 2011, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni láti gbọ́ tẹnu ẹni tó wá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹ yẹ owó tó ń wọlé fún un wò, kí ẹ to fáìlì, kí ẹ sì bá agbẹjọ́rò lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ wúlò níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, torí pé àwọn tó ń wá kì í fi Gẹ̀ẹ́sì sunkún. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Ẹ ó rí igi, ẹ kò ní rí igbó, àfi tí ẹ bá fúnra yín tọrọ ààyè láti ka fáìlì. Fáìlì 40 ti àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ tó fún àkọsílẹ̀ ìmọ̀ràn olójú ìwé méjì: ọjọ́ tí wọ́n mú wọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́, iye ìgbà tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, àti ìdí rẹ̀. Ojú ìwé méjì yẹn ni iṣẹ́ ètò ìmúlò (policy), ìyẹn dídábàá ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe.

National Human Rights Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, yàtọ̀ díẹ̀. Òfin 1995 ló dá a sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2010, àtúnṣe náà sì jẹ́ kí ìpinnu rẹ̀ ṣeé mú lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ìdájọ́. Ẹ̀sùn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọ́n ń pín in sí ìsọ̀rí, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀. Iye yìí ni oúnjẹ ètò ìmúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìsọ̀rí ẹ̀sùn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ tó kọ̀ láti bọ́ ọmọ, ti ọlọ́pàá, àti ti ọ̀gá tó jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gba ọ̀nà kan náà, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ darí èyí tí kò kan wọn síbi tó yẹ. Bí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, tí òfin kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ń kọ́, èyí la ó mú fún yín.

Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í sábà wá sọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jù. Wọ́n ń bẹ ibi iṣẹ́ wò, wọ́n sì ń parí ìjà láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ kó tó di ẹjọ́. Ẹni tó bá jókòó gbọ́ ìpẹ̀tùsíjà méjì péré yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òfin kọ àti ohun tí àwọn méjèèjì lè gbà.

Ní Èkó àti Abuja, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ló pọ̀. Irú wọn ni Civil Liberties Organisation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, àti SERAP, tó gbé Nàìjíríà lọ sí ilé-ẹjọ́ ECOWAS lórí ẹ̀tọ́ ọmọ sí ẹ̀kọ́, tó sì rí ìdájọ́ gbà ní 2010. Irú àjọ báyìí ń kọ ìwé: lẹ́tà ìbéèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìsọfúnni (FOI) ti 2011, tó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, àbọ̀ ìwádìí, àti ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Geneva nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) bá ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà wò, bí wọ́n ti ṣe ní January 2024. Bí ẹ bá bọ́ sábẹ́ ẹni tó mọ ìwé kọ, oṣù méjì níbẹ̀ á tún gbólóhùn yín ṣe ju sẹ̀mẹ́sítà kan lọ.

Ewu ibẹ̀ ni owó onígbọ̀wọ́. Iṣẹ́ àjọ wọ̀nyí ń lọ ní ìdá-ìdá gẹ́gẹ́ bí owó bá ṣe wọlé. Bí ẹ bá dé nígbà tí owó kan ti parí tí òmíràn kò tíì dé, ẹ ó máa to àga ìpàdé, ẹ ó máa kọ orúkọ àwọn àlejò sílẹ̀, ẹ ó sì máa ya fọ́tò fún Facebook. Ìbéèrè kan ló ń fi èyí hàn ṣáájú: “Iṣẹ́ wo ni yóò wà lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ 10 tí mo bá wà níbẹ̀, ta ló sì ń darí rẹ̀?” Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ yóò dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní kúkúrú, ní Òṣogbo ẹ ó rí èèyàn, ní Abuja ẹ ó rí ìwé. Èrò tiwa ni pé èèyàn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹni tí kò tíì gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ṣàlàyé pé ọ̀gá òun kò san owó oṣù mẹ́rin, tí kò rí i pé kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, yóò máa dábàá òfin tó ti wà tipẹ́.

Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín

Àwọn èèyàn ń fojú di èyí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Yí Ifẹ̀ àti Iléṣà ká, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pọ̀ lọ jàra: ọmọdé nínú oko kòkó, àwọn tó ń wa góòlù lọ́wọ́ ní agbègbè Àtàkúnmọ̀sà, tíṣà ilé-ìwé aládàáni tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀, àti ọmọ iṣẹ́ tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán. Labour Act, òfin ilẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní kí àdéhùn ọmọ iṣẹ́ wà ní kíkọ, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ márùn-ún ní Lágéèrè bóyá wọ́n ti gbọ́ èyí rí, àkọsílẹ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni èyí tó rọrùn jù láti rí nínú ìlú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé bóyá wọ́n ní ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá wà, ẹ ó kọ́ láti fi ìwé owó oṣù wé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ẹ ó sì mọ̀ pé abala 7 Labour Act fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta péré láti fi àlàyé iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní kíkọ.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ la fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. ASUU (ti olùkọ́ yunifásítì), SSANU, NASU àti NAAT (ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́) ní ẹ̀ka nínú ọgbà OAU, NUT (ti tíṣà) àti NULGE (ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀) sì wà láàárín ìlú. Ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìjọba wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé wà, lẹ́tà ìyanṣẹ́lódì wà. Ẹ lè gba iṣẹ́ kan péré: kí ẹ mú àdéhùn kan, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ bá ASUU ṣe ní 2009, kí ẹ pín in sí ẹsẹ-ẹsẹ, kí ẹ wá ìwé tó fi hàn pé wọ́n mú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ṣẹ tàbí wọn kò mú un ṣẹ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdíwọ́ méjì ló wà. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lè pa ìwé mọ́. Ìkejì le jù: bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ ASUU, olùkọ́ tí yóò máakì ìwé ìdánwò yín ni ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, ó sì ṣòro láti kọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn. Tí ẹ bá fẹ́ òmìnira ìkọ̀wé, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ tí kò ní ọwọ́ nínú máàkì yín.

Bí ilé-ìrànwọ́ òfin (law clinic) bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka yín, ẹ wọ̀ ọ́ ní 200 level, kí ẹ má dúró de ìparí.

Ohun kan tún wà tí kò gba lẹ́tà rárá. National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ń jókòó ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́. Ará Ifẹ̀ lè gba Ìbàdàn lọ, ará Iléṣà sì lè gba Àkúrẹ́. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ dé kó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹ ka orúkọ ẹjọ́ ọjọ́ náà lára pátákó, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin báyìí kí ìkọ́ṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ kí lẹ́tà ìbéèrè yín yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ yín.

UN, ILO àti iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Orúkọ UN ń dùn létí, àmọ́ ẹ ka ẹsẹ rẹ̀ dáadáa. Sẹkitéríàtì UN kì í san owó fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Owó físà, ọkọ̀ òfurufú, ilé àti ìbánigbófò ìlera, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Oṣù méjì sí mẹ́fà ni, ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá, tó ń ṣe dìgírì kejì, tàbí tí kò tíì pé ọdún kan tó jáde ló lè wọlé. Ní 2015, ìròyìn ká gbogbo ayé pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ UN kan ní Geneva, ọmọ ọdún 22 láti New Zealand, ń sùn nínú àgọ́ létí adágún torí owó ilé. Ṣùgbọ́n ILO, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó wà ní ìlú kan náà, tó sì ní ọ́fíìsì ní Abuja, ń fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹlòmíì kò bá gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní owó tí yóò fi gbéra. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá jẹ yín lógún, tí ẹ sì ń wo òkè òkun, ILO ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Àwọn méjèèjì kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ láti wọ UN, ẹ má dá a lóhùn.

Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àjọ òkè òkun kò náni lówó púpọ̀, aago ló ń pa èèyàn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní New York jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Ifẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó sì jẹ́ aago mẹ́sàn-án nígbà òtútù wọn. Geneva kò ju wákàtí kan lọ sí wa, nígbà mìíràn aago wa dọ́gba. Ẹ yan àjọ tí aago rẹ̀ sún mọ́ tiwa bí ẹ bá ní ìwé láti kà lálẹ́. Ẹ má sì retí pé òfin Amẹ́ríkà yóò gbà yín: láti 2018, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ń lo ohun méje láti mọ ẹni tó ń jàǹfààní jù nínú ìkọ́ṣẹ́, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún. Àjọ aláàánú sábà máa ń bọ́ nínú rẹ̀.

Àbùkù tó tóbi jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ẹ kò sí níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Bí alábòójútó kò bá bá yín sọ̀rọ̀ ojúkorojú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, tí ímeèlì nìkan ni, ẹ ó di ẹni tó ń wá ìwé jọ fún wọn. Ẹ kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn sínú àdéhùn.

Àdéhùn olójú ìwé kan

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ mọ ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ tiyín. Labour Act kò dárúkọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láti yunifásítì, òfin owó oṣù tó kéré jù sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àjọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni ààbò yín. Kó wà ní ẹ̀dà méjì, kó sì dárúkọ alábòójútó, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ọjọ́ àti wákàtí lọ́sẹ̀, owó ọkọ̀ bó bá wà, ìwé kan ó kéré tán tí orúkọ yín yóò wà lára rẹ̀, lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọn yóò kọ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìparí, àti ẹni tí ẹ ó lọ bá bí ẹnikẹ́ni bá yọ yín lẹ́nu. Ẹni yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ alábòójútó fúnra rẹ̀.

Ìlà ìkẹyìn yẹn ní òfin lẹ́yìn. Àdéhùn àgbáyé 190 ti ILO, ti ọdún 2019, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, dárúkọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tó fara rẹ̀ jìn láìgbowó. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i láti 2022. Abala 254C nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa sì fún National Industrial Court ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ tó bá kan irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ yín lọ sẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kó mọ èyí kó tó lọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń kọ́kọ́ dá ọ̀pọ̀ dúró. Ilé iṣẹ́ ìjọba kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ láìsí i, bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá sì yanṣẹ́lódì, kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ 10 ṣáájú. Ẹ̀yin ti Yunifásítì Iléṣà, tí wọ́n gbé dìde láti ara Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ní 2022, ẹ fi ìwé àlàyé ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò tíì gba akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí ilé-ìwé yóò gba ìsinmi kì í dúró sójú kan. Nítorí náà ẹ má kọ déètì pàtó sínú lẹ́tà àkọ́kọ́; ẹ kọ “ọ̀sẹ̀ 10 láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìparí ìdánwò.”

Wọ́n máa ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ lè dé ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ kí ẹ gbọ́ pé alábòójútó yín ti lọ sí Makurdi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni kí ẹ ti gba lẹ́tà kúkúrú kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ ohun tí ẹ ti ṣe títí di ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń ba orúkọ èèyàn jẹ́ jù. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, ti 2023, kan fáìlì ẹni tó wá fẹjọ́ sùn. Ẹ má fi fóònù ya fáìlì, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú àpẹẹrẹ ìwé tí ẹ ó máa fi wá iṣẹ́. Yíyọ orúkọ nìkan kò sì tó: bí ẹ bá kọ “opó kan tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí Sábó, tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n,” gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yí ibi, iṣẹ́ àti ọjọ́ padà, kí ẹ sì gba àṣẹ ọ̀gá ní kíkọ.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ifẹ̀ tàbí ti Iléṣà kì í ṣe ibi tí ẹ lè dá wọ̀ torí pé ẹ ní káàdì ìdánimọ̀. Àjọ tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dúró níta.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá wà ní 200 level, ẹ má kúrò ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà. Ẹ mú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ilé-ìrànwọ́ òfin, kí ẹ sì lọ jókòó nílé-ẹjọ́. Bí ẹ bá wà ní 300 level, Òṣogbo ni, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀: Legal Aid Council fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tàbí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún àwọn tó kù. Ẹni tí ìwé ìwádìí ìparí rẹ̀ bá dá lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ Michael Imoudu tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin. Abuja wà fún ọdún àṣekágbá, fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó lè gbà á sílé, tó sì ti ní ìwé kan tó kọ lọ́wọ́. Bí kò bá sí ilé lọ́fẹ̀ẹ́, a kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti yá owó lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àárò ti ń yí padà di ìwọ̀fà.

Lẹ́tà mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe ogún. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dárúkọ ọ̀gá ibẹ̀ àti iṣẹ́ kan pàtó tí ẹ fẹ́ bá wọn ṣe. Ẹ mú un lọ fúnra yín, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 10 bá kọjá tí èsì kò dé, ẹ padà lọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹ fi ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn hàn wọ́n, torí Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà nílé-ẹjọ́ tàbí nípàdé.